Ibi tí tẹlifóònù dígítà ti ṣẹ̀: ọ̀rọ̀ ọmọ Kétu kan

Paris ni tẹlifóònù dígítà ti ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni Alec Reeves, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ITT ṣiṣẹ́, ti ronú rẹ̀ kàn lọ́dún 1937. Bí ohùn bá ń rìn jìnnà lórí wáyà, ariwo a máa dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ̀rọ bá sì gbé e sókè, ohùn àti ariwo ni wọ́n jọ ń gòkè. Reeves ní kí á wọn ohùn, kí á sọ ìwọ̀n rẹ̀ di nọ́ńbà, kó jẹ́ pé “ó wà” àti “kò sí” nìkan ni wáyà á máa gbé. Iṣẹ́ náà dúró títí transistor, ẹ̀yà ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á, fi dé, nítorí ẹ̀rọ ayé ìgbà náà wọ́n gógó.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìdí rẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀: èso mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Bí babaláwo bá jù ú sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ṣínú tàbí kó dojú dé. Ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà; ẹni tó bá ti òsì bẹ̀rẹ̀ ti ka odù olódù. Ojú méjì péré, odù 256. Mo gbà pé kí wọ́n tó mọ odi Kétu, kí ẹnubodè Akaba Idena tó dúró, àwọn tó bá Alákétu ti Ifẹ̀ wá ti ní ìṣirò yìí lórí. Òun náà ló wà nínú tẹlifóònù: bíìtì 8 (“ó wà” tàbí “kò sí” kan ni bíìtì kan), ìpele 256.

Ìgbà 8,000 ni ẹ̀rọ ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bíìtì 64,000 nìyẹn. Kí wáyà kan lè gbé ohùn púpọ̀, ìlànà E1 ti Yúróòpù to àyè 32 tẹ̀léra, ọgbọ̀n nínú wọn fún ohùn. Àyè òdo ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń gbà á mọ ibi tí ọ̀wọ́ àyè 32 kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, àyè 16 sì ń ròyìn ìpè: ẹni tó gbé e, ẹni tó ti jù ú sílẹ̀.

Àwọn kan sọ pé Amẹ́ríkà ló ni tẹlifóònù dígítà, nítorí ìlànà T1 tí Bell, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù wọn, gbé jáde ní 1962, tó ń gbé ohùn 24. Ẹni tó kọ́kọ́ tà á lọ́jà kọ́ ló dá a.

Ní 1970, Faransé fi E10, ẹ̀rọ dígítà tó ń so ìpè pọ̀, ṣiṣẹ́ nílùú Perros-Guirec. ISDN, ìlà tẹlifóònù dígítà, tẹ̀ lé e, ó mú dígítà wọ ilé oníbàárà; lẹ́yìn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì gba ohùn. Ní 30 oṣù kọkànlá 2024, Bẹ̀nẹ̀ fi 01 ṣíwájú nọ́ńbà wa, ó di ẹyọ mẹ́wàá.