Ìfúnpá nínú eyín tí a fi post àti core tún ṣe

Ìfúnpá nínú eyín tí a fi post àti core tún ṣe ni ipá tí ó ń wọ irú eyín bẹ́ẹ̀ lára, pàápàá gbòǹgbò rẹ̀, nígbà tí ènìyàn bá ń jẹun tàbí tí ó bá ń payínkeke lójú oorun. Post ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí dókítà eyín ń lẹ̀ mọ́ inú ihò gbòǹgbò lẹ́yìn tí ó bá ti kó iṣan àti ẹran inú rẹ̀ kúrò. Core ni ohun tí ó mọ sórí ọ̀pá náà dípò ara eyín tí ó ti jẹrà tàbí tí ó ti kán, kí ìbòrí tí a fi ń dé eyín náà lórí (crown) lè rí ibi jókòó sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀pá yìí ló ń fún eyín lókun, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: iṣẹ́ ọ̀pá náà ni láti di core mú, ihò tí a sì gbẹ́ fún un tún ń sọ ògiri gbòǹgbò di fẹ́lẹ́. Ara eyín gidi tí ó ṣẹ́ kù ni ààbò tòótọ́. Bí ìbòrí bá rí ògiri eyín tí ó ga tó mìlímítà 1.5 sí 2 gbá mú yíká, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ferrule, ipá ìjẹun yóò tàn ká dípò kí ó kó jọ sí ojú kan.

Líle ọ̀pá náà ṣe pàtàkì. Dẹ́ńtìnì, tí í ṣe ara gbòǹgbò, le tó nǹkan bí 18 GPa (gigapascal, ìwọ̀n bí ohun kan ṣe le tó láti tẹ̀). Ọ̀pá òwú gíláàsì sábà máa ń wà láàárín 20 sí 40, títáníọ̀mù tó 110, irin tí kì í dípẹtà sì súnmọ́ 200. Irin kì í tẹ̀ pẹ̀lú eyín, nítorí náà ó ń gbé ipá lọ sí ìsàlẹ̀ gbòǹgbò, ó sì lè là á bí èèkàn ṣe ń la ìtì igi. Eyín tí gbòǹgbò rẹ̀ là lóròó, yíyọ ló sábà máa ń kàn. Ọ̀pá òwú gíláàsì ní tirẹ̀ máa ń tú kúrò lára àtè tí ó dì í mú, ṣùgbọ́n èyí ṣeé tún ṣe. Igi ni àwọn oníṣẹ́ eyín kan ní Yúróòpù fi ń ṣe ọ̀pá yìí láyé àtijọ́. Igi náà a mu omi, a wú, gbòǹgbò a sì là.

Ipá tí ó ń ti eyín láti ẹ̀gbẹ́ léwu ju èyí tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí eyín iwájú fi nílò ìṣọ́ra jù. Ní Èkó, yálà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí ní Yaba, ẹni tí ó bá ń fi irú eyín bẹ́ẹ̀ ṣí ìgò ọtí tàbí fa eegun ẹran ya ń gbé irú ipá yìí lé e lórí. Ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tí ó wà ní Ìdí-Àràbà, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín, àti ní èyí tí ó wà ní Ìkẹjà, ìwọ̀n ògiri eyín tí ó ṣẹ́ kù ló yẹ kí aláìsàn kọ́kọ́ béèrè, kí ó tó béèrè irú ọ̀pá tí wọn yóò lò.