Omi Ìdí Fítà: Bí Àṣà Àárọ̀ Àwọn Awakọ̀ Dísẹ́ẹ̀lì Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Lafẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta, kí àwọn típà tó ń kó òkúta wẹ́wẹ́ tó kúrò lójú kan, ẹ ó rí ọmọ mọ́tò tó ti rá wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ike tó mọ́ gaara lọ́wọ́. Á tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà ní ìdí fítà, ìyẹn asẹ́ tó ń sẹ́ epo ọkọ̀, díẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ dà sínú ike kì í ṣe dísẹ́ẹ̀lì. Omi ni. Á jókòó sísàlẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì tó ní àwọ̀ oyin á lékè rẹ̀, ààlà àárín wọn á sì rí tín-ín-rín bíi pé ẹnìkan fi ìlà sí i. Tó bá di pé epo nìkan ló ń ṣàn, á dí i padà, á máa tẹ pọ́ǹpù kékeré ti ọwọ́ títí tó fi máa le. Ìgbà yẹn ni dẹ́rẹ́bà tó lè ṣáná sí ọkọ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fà lé mi lọ́wọ́ nìyẹn nígbà tí mo wà lábẹ́ ọ̀gá mi, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi ṣe é kí n tó mọ ibi tó ti wá.

Pé epo máa ń lékè omi, ọmọ Ẹ̀gbá wo ni kò mọ̀ ọ́n? Àwọn ìyá wa tó ń ṣe epo pupa ní èkù, omi ni wọ́n ń bù sí ẹyìn tí wọ́n ti gún, epo á léfòó, wọ́n á máa fi igbá gbá a lójú omi. Àwọn ń wá epo, òkè ni wọ́n ti ń gbà á. Awakọ̀ ń lé omi, ìsàlẹ̀ ló ti ń lé e. Lítà omi kan wọn kílò kan, lítà dísẹ́ẹ̀lì kò ju nǹkan bíi gíráàmù 840 lọ. Ìdí nìyí tí ẹnu títú náà fi wà ní ìdí fítà, tó sì fi jẹ́ pé àárọ̀ là ń ṣe é, nígbà tí ọkọ̀ ti dúró mọ́jú tí omi sì ti ráyè rọ̀ sílẹ̀.

Rudolf Diesel, ará Jámánì tí wọ́n bí sí Paris ní 1858, ló ni orúkọ tí à ń pe epo yìí. Ní 1897, ní ìlú Augsburg, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa lójú àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ ló ń fẹ́ epo wọlé fún ẹ́ńjìnnì náà, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ yẹn sì tóbi, ó wúwo. Inú ilé iṣẹ́ àti inú ọkọ̀ ojú omi ló bá a mu, kì í ṣe lọ́rì. Lọ́rì tó ń lò ó kò tíì dé ọjà nígbà tí Diesel fúnra rẹ̀ bọ́ sómi lójú òkun ní 1913, nígbà tó ń bá ọkọ̀ lọ sí Ìlú Ọba.

Ní 1924 ni Benz àti MAN, ilé iṣẹ́ méjì ní Jámánì, gbé lọ́rì dísẹ́ẹ̀lì jáde. Robert Bosch, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ará Jámánì, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí pọ́ǹpù kan tó ń ti epo wọ ẹ́ńjìnnì láìlo afẹ́fẹ́ láti 1922, ní 1927 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀. Pọ́ǹpù yìí gan-an ló sọ omi di ọ̀tá. Irin kékeré kan ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú ihò rẹ̀, àlàfo àárín irin àti ihò kò sì ju máíkírónì méjì sí mẹ́ta. Ẹyọ irun orí kan ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ogún ìgbà. Kò sí gírísì níbẹ̀, kò sí epo ẹ́ńjìnnì. Dísẹ́ẹ̀lì tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló ń mú kí ó máa yọ̀. Tí omi bá wọ ibẹ̀, irin á máa gé irin, ìpẹtà á sì parí ìyókù. Tó bá dé nọ́sù, ẹnu tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ooru á sọ ọ́ di èéfín lójijì, ó sì lè fọ́ ẹnu nọ́sù dànù.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ní láti fi asẹ́, ìyẹn fítà, síwájú pọ́ǹpù. Aṣọ àti fẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, kí ti bébà tó dé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni abọ́ gíláàsì tí ilé iṣẹ́ CAV ti Ìlú Ọba fi sí ìdí fítà tiwọn, tí ẹ lè rí lára katakata Massey Ferguson àtijọ́. Ẹ ò ní tú nǹkan kan kẹ́ ẹ tó rí omi. Ó wà níbẹ̀ tó ń wò yín.

Lọ́dọ̀ wa, ibi tí omi ń gbà wọlé pọ̀. Láti 1960 tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ewékorò ni lọ́rì ńlá ti ń gba ọ̀nà Abẹ́òkúta kọjá, tí àwọn olókùúta sì tún kún un. Ọkọ̀ tó sùn pẹ̀lú táǹkì tí kò kún, afẹ́fẹ́ inú táǹkì á di ìrì lóru, á sì kán sínú epo. Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣí sílẹ̀ nígbà òjò ńkọ́? Mo ra dísẹ́ẹ̀lì nínú irú dúrọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ nígbà kan lọ́nà Ṣágámù. Ọkọ̀ kò rìn jìnnà tó fi ń wú ikọ́, ó sì kú. Nígbà tí mo tú fítà, omi tó jáde kún ike kan, nǹkan dúdú kan tó ń yọ̀ bí ilá sì tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́mìí ni nǹkan náà: olú àti kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ní ààlà omi àti epo, tó ń jẹ epo. Gbogbo owó ẹrù ọ̀sẹ̀ yẹn ló bá títún pọ́ǹpù ṣe lọ.

Pọ́ǹpù òde òní tún le ju ti Bosch ìgbà náà lọ, agbára tó fi ń ti epo ju 2,000 bar; táyà lọ́rì tí wọ́n fún dáadáa kò ju nǹkan bíi 8 bar. Nítorí náà ni wọ́n fi wáyà méjì sí ìdí fítà tuntun. Iná mànàmáná kì í gba inú dísẹ́ẹ̀lì kọjá bó ṣe ń gba inú omi, bí omi bá ti ga kan wáyà méjèèjì, iná pupa tàbí ti àwọ̀ ìyeyè á tàn níwájú dẹ́rẹ́bà. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tó wà ní Lafẹ́nwá, wáyà yẹn ti já kó tó dé èbúté. Ọmọ mọ́tò ṣì ń mú ike wọ abẹ́ ọkọ̀.