Ó Ń Jí Láàárọ̀, Ó Ń Kú Lọ́sàn-án: Ẹ́ńjìnnì Ford V8 Àtijọ́ Inú Hot Rod

Látìgbà tí Ford ti gbé ẹ́ńjìnnì V8 rẹ̀ (sílíńdà mẹ́jọ, mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì) jáde lọ́dún 1932 ni àwọn ọ̀dọ́ gúúsù California kò ti jẹ́ kó sinmi. Wọ́n á ra àlòkù, wọ́n á tú bọ́nẹ́ẹ̀tì àti mọ́gáàdì rẹ̀ dànù kó lè fúyẹ́, wọ́n á tọwọ́ bọ ẹ́ńjìnnì, nígbà náà, ó di orí adágún gbígbẹ ní Muroc, kí wọ́n wo ọkọ̀ ta ni yóò sáré jù. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ là ń pè ní hot rod. Àbúrò mi kan tó ń gbé lọ́hùn-ún ra ọ̀kan, kò sì jẹ́ kí n rímú mí mọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láàárọ̀, bí mo bá ti fọwọ́ kan stáátà báyìí, ọkọ̀ ti jí. Tí mo bá wà á tó ogún ìṣẹ́jú, á bẹ̀rẹ̀ sí í mísì, á kú sójú títì. Tó bá tutù tán, á tún jí bíi pé kò ṣe é rí. Gbogbo èèyàn ní kí n tú káábúrétọ̀. Ṣé kí n tú u?

Ìdáhùn: Má tú nǹkan kan. Orí káábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa ń fọ́ àgbọn lé, bẹ́ẹ̀ kọ̀rẹ́ńtì ló ń jẹ̀bi lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń kú nínú ooru, tí á sì jí bó bá tutù: kọ́ìlì (òun ló ń sọ kọ̀rẹ́ńtì di alágbára kí plọ́ọ̀gì lè ju iná), kọ́ńdẹ́ńsà, àti epo fúnra rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ibi tó ti kú gan-an ni kó o ti yẹ̀ ẹ́ wò. Tó o bá dúró kó tutù, ẹ̀rí ti sá lọ nìyẹn. Yọ plọ́ọ̀gì kan, fi wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí, tẹ́ ẹ sára irin ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí epo àti sí ihò tó o ti yọ ọ́, kí ẹnì kan wá ta stáátà. Má fọwọ́ dì í mú o! Tó bá ju iná búlúù tó ń ta pá-pá, epo ni kó o lọ bá. Tó bá jẹ́ iná pupa rẹ́súrẹ́sú, tàbí tí kò jù rárá, kọ́ìlì tàbí kọ́ńdẹ́ńsà ni.

Nínú èyí tí wọ́n ṣe láwọn ọdún 1930, orí dísítíríbútọ̀ (tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì) gan-an ni kọ́ìlì jókòó sí níwájú ẹ́ńjìnnì, ooru ń fẹ́ ẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé léra ló kún inú rẹ̀. Tí ohun tí wọ́n fi bo wáyà náà bá ti gbó, ooru á jẹ́ kí kọ̀rẹ́ńtì máa fò láti ọ̀kan sí èkejì. Tó bá tutù, á tún padà bọ̀ sípò. Àbíkú ni, tó ń kú tó ń jí.

Ṣùgbọ́n kọ́ńdẹ́ńsà ni kó o kọ́kọ́ pààrọ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Mẹkáníìkì tó bá ti tún ìjàpá Volkswagen ṣe rí l'Ékòó mọ iṣẹ́ rẹ̀: òun ni kì í jẹ́ kí ẹnu kọ́ńtáàtì inú dísítíríbútọ̀ jóná nígbà tó bá ń là. Tó o bá ti ṣí ibẹ̀, wo àlàfo ẹnu kọ́ńtáàtì náà, kó wà ní nǹkan bí ínṣì 0.015.

Ìbéèrè: Tí iná bá búlúù dáadáa ńkọ́?

Ìdáhùn: Epo ń hó nìyẹn. Epo Amẹ́ríkà òde òní sábà máa ń ní ethanol tó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì máa ń yá láti di oru. Ford tún wá gbé pọ́ńpù epo sórí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, bí ẹni gbé omi kaná. Tó bá ti di oru, pọ́ńpù ò rí nǹkan fà mọ́. Gbé páìpù epo jìnnà sí páìpù èéfín. Àwọn kan ń fi pọ́ńpù oníná sẹ́bàá táǹkì, ó dáa, ṣùgbọ́n káábúrétọ̀ Stromberg 97 tí ẹ fẹ́ràn yẹn kò fẹ́ kí agbára tí pọ́ńpù fi ń ti epo ju nǹkan bíi 3 psi lọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, epo á kún un, á sì máa dà sórí irin gbígbóná. Fi régúlétọ̀ tó ń dín agbára yẹn kù sáàárín.

Ìbéèrè: Kí ló tiẹ̀ dé tó fi ń gbóná tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Bí wọ́n ṣe dá a ni. Fáàfù rẹ̀, ìlẹ̀kùn tí epo ń gbà wọlé tí èéfín ń gbà jáde, kò sí lókè, inú búlọ́ọ̀kù ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà. Èéfín tó ń jáde gbọ́dọ̀ gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá, láàárín omi, kó tó dé ìta. Sílíńdà mẹ́rin ló wà lápá kan, ihò èéfín sì jẹ́ mẹ́ta, torí àwọn méjì àárín ń bá ara wọn lo ọ̀kan. Omi tó yẹ kó máa tu sílíńdà lára ló tún ń ru ooru èéfín.

Ìyẹn ni tímíìnì (àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ju iná) fi ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ju nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn lọ. Tí plọ́ọ̀gì bá pẹ́ kó tó ju iná, epo á ṣì máa jó nígbà tí fáàfù bá ṣí, ooru yẹn á sì kó sínú omi. Mo ti rí ẹni tó ra rẹdiétọ̀ tuntun nítorí tímíìnì. Ìpẹtà inú búlọ́ọ̀kù náà ń bẹ ńbẹ̀. Fọ̀ ọ́ kó o tó ronú fáànù ńlá. Kó o tó náwó sí búlọ́ọ̀kù àlòkù, ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán láàárín fáàfù àti sílíńdà.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti jókòó dáadáa?

Ìdáhùn: So géèjì fákúùmù, èyí tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́, mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró á máa fi nǹkan bí ínṣì mẹ́kúrì 17 sí 21 hàn, ọwọ́ géèjì ò ní gbọ̀n. Tó bá ń ta pì, pì, ní déédéé, fáàfù kan ló ń jò. Kò sí títún káábúrétọ̀ ṣe tó lè wo ìyẹn sàn. Wo ẹnu plọ́ọ̀gì náà: tó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ jù, tó bá funfun, epo kò tó, písítìnì lè yọ́. Àwọ̀ tíì oní-mílíìkì lò ń wá.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo pààrọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà. Wákàtí kan gbáko ni mo fi wà á lánàá, kò mísì. Ṣé kí n wá tú káábúrétọ̀ báyìí?

Ìdáhùn: Rárá o.