Bí Àǹfààní Onílé Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Bọ́ọ̀lù Agbọ̀n Àwọn Yunifásítì Amẹ́ríkà

Bí a bá kó gbogbo eré bọ́ọ̀lù agbọ̀n tí ẹgbẹ́ ọkùnrin àwọn yunifásítì ńláńlá Amẹ́ríkà ń gbá ní sáà kan jọ, ẹgbẹ́ tó gbàlejò ló máa ń borí nínú nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ ká kà sí agbára ilé. Ní oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá, kí ìdíje inú líìgì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn yunifásítì olówó máa ń san owó tó jọjú fún àwọn tó kéré kí wọ́n wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wọn, láìsí àdéhùn pé àwọn náà yóò lọ bẹ̀ wọ́n wò padà. Nítorí owó ni irú àlejò bẹ́ẹ̀ ṣe wá, kò sì sẹ́ni tó retí pé kó borí. Inú líìgì, níbi tí ẹgbẹ́ méjì ti sábà máa ń gbàlejò ara wọn, ni àǹfààní náà ti ń hàn kedere. Ìdá yẹn máa ń wálẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n onílé ṣì ń borí ju àlejò lọ, débi pé àwọn tó ń ṣírò agbára ẹgbẹ́ sábà máa ń bu nǹkan bí àmì mẹ́ta fún onílé kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù sókè rárá.

Ariwo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí, ariwo náà sì wà lóòótọ́. Allen Fieldhouse ti Yunifásítì Kansas, nílùú Lawrence, ti wà láti 1955, ó sì gba nǹkan bí 15,300 ènìyàn báyìí. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ariwo inú rẹ̀ tó 130.4 désíbẹ́ẹ̀lì, Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tíì sí irú rẹ̀ rí nínú gbọ̀ngàn eré abẹ́ òrùlé. Gbọ̀ngàn Cameron ti Yunifásítì Duke kéré sí i púpọ̀, 9,314 péré ló gbà, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi sí etí pápá gan-an, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè na ọwọ́ kan àlejò tó ń ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ìlà.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni ibi tí ariwo yẹn ń lọ. Bó bá jẹ́ ọwọ́ agbábọ́ọ̀lù ló ń bà jẹ́, ìjù ọ̀fẹ́ ló yẹ ká ti rí i, nítorí pé níbẹ̀, ẹnì kan péré ló dúró, kò sí ẹni tó ń dí i lọ́wọ́, gbogbo èrò sì ń kígbe mọ́ ọn. Láti 2013 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Arizona State ti máa ń ta aṣọ ìkélé sẹ́yìn agbọ̀n, tí wọ́n á ṣí i lójijì kí aláwàdà kan lè fò jáde níwájú ẹni tó fẹ́ jù. Ó dùn ún wò. Síbẹ̀, bí a bá ṣírò rẹ̀ káàkiri ọ̀pọ̀ eré, díẹ̀ kín-ín-kín ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín bí àlejò àti onílé ṣe ń ju ọ̀fẹ́ wọlé.

Etí rẹfirí ni ariwo ń wọ̀. Rẹfirí mẹ́ta ló ń darí eré, kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá kan tí wọ́n fi ń pinnu bóyá olùgbèjà ló dínà tàbí olùkọlù ló ya lù ú. Nígbà tí ohun tí ojú rí kò bá dájú, igbe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn a máa pa kún un. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ra rẹfirí, ènìyàn ni. Àwọn olùwádìí tó yẹ eré 365 wò láti sáà 2004 sí 2005 rí i pé àlejò ni wọ́n ń fọn fèrè fáwùlù sí jù. Kékeré kọ́ ni èyí, nítorí bí ẹgbẹ́ kan bá ti ṣe fáwùlù méje ní ìdajì eré, alátakò rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìjù ọ̀fẹ́ kódà nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí agbọ̀n. Bó bá di mẹ́wàá, méjì ni yóò máa gbà. Agbábọ́ọ̀lù tó bá sì tètè ṣe fáwùlù méjì, orí ìjókòó ni akọ́nimọ̀ọ́gbá sábà máa ń dá a padà sí títí di ìsinmi.

Ara náà ní tirẹ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngàn tí kò mọ̀ dunjú. Gbọ̀ngàn Yunifásítì Wyoming fi 7,220 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, onílé nìkan sì ni ara rẹ̀ ti mọ́ ọn. Láti 2024 tí UCLA àti USC, yunifásítì méjì nílùú Los Angeles, ti wọ líìgì Big Ten, ẹgbẹ́ Rutgers láti New Jersey lè sọdá gbogbo Amẹ́ríkà lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Los Angeles, pẹ̀lú wákàtí mẹ́ta ìyàtọ̀ àkókò lára wọn.

Àjọ NCAA, tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, kò fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́, ó ti kọ ọ́ sínú ìṣirò. Nínú ètò NET, tí wọ́n fi ń to àwọn ẹgbẹ́ sí ipò láti 2018, ìborí tó wà ní ìpele àkọ́kọ́, èyí tó níyì jù, gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí ẹgbẹ́ tó wà láàárín ipò 1 sí 30 bó bá jẹ́ nílé, 1 sí 50 bó bá jẹ́ ní ibi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni, àti 1 sí 75 bó bá jẹ́ lọ́dọ̀ alátakò.

Nínú ìdíje àṣekágbá oṣù kẹta, àwọn obìnrin ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ 16 tó ga jù gbàlejò ní ìpele méjì àkọ́kọ́. Ní ti àwọn ọkùnrin, kò sẹ́ni tó lè gbá nílé, àmọ́ ìgbìmọ̀ máa ń gbìyànjú láti fi àwọn ẹgbẹ́ tó dára jù sí tòsí ilé wọn. Bí Kansas ṣe bá ara rẹ̀ ní Kansas City nìyẹn ní oṣù kẹta ọdún 2017, níwọ̀n nǹkan bí máìlì ogójì sí Lawrence, láàárín èrò tirẹ̀, oṣù kan péré lẹ́yìn ariwo tí Guinness kọ sílẹ̀. Oregon, tó ti etí òkun Pàsífíìkì wá, ló borí, 74 sí 60.