Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Lórí Rédíò Ọlọ́pàá Òpópónà Kalifóníà?

Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra scanner, ìyẹn rédíò tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá, sábà máa ń bi àwa tí a ń tún rédíò ṣe ni pé ìgbì wo ni kí àwọn yí i sí. Èsì mi kì í dùn mọ́ wọn nínú, nítorí mo máa ń sọ fún wọn pé ìgbì ló rọrùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì wà lákọsílẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ohun tó ṣòro ni kí ènìyàn mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ibi tó wà, àti ìtumọ̀ nọ́ńbà tó ń pè. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò ní pẹ́ pa ẹ̀rọ náà tì.

Ọdún 1929 ni wọ́n dá àwọn ọlọ́pàá òpópónà Kalifóníà, tí a ń pè ní CHP, sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà ti kó lọ sí 700 àti 800 MHz (megahertz, ìwọ̀n ìgbì rédíò), níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń pín ìkànnì fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àyíká 42 MHz ni ọ̀rọ̀ CHP ti ń jáde láti ọdún pípẹ́. Kì í ṣe pé wọn kò lajú. Òkè, àfonífojì àti aṣálẹ̀ ló pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ náà, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ sì máa ń rìn jìnnà, ó ń yí gba ẹ̀yìn òkè kọjá níbi tí ìgbì 800 MHz ti máa dákẹ́. Áńténà ni a fi ń san owó àǹfààní yìí. Bí ẹ bá pín gígùn ìgbì 42 MHz sí mẹ́rin, ìdá kan, tí í ṣe gígùn tó yẹ áńténà, yóò tó nǹkan bíi mítà 1.8, nítorí náà áńténà rọ́bà kúkúrú tí wọ́n fi sínú páálí scanner kò lè gbọ́ ohun tó pọ̀. Wáyà lásán tí ẹ gé sí ìwọ̀n yẹn, tí ẹ sì fi kọ́ lóòró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, yóò ṣe dáadáa jù ú lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ohùn àjèjì láti ìpínlẹ̀ tó jìnnà bá já wọlé nígbà tí oòrùn bá ń ta jù: òfuurufú ló ń ta irú ìgbì bẹ́ẹ̀ padà sílẹ̀.

Ohun mìíràn tó máa ń da ènìyàn láàmú ni pé a lè máa gbọ́ ẹni tó ń darí ìpè ní ọ́fíìsì kedere, kí a má gbọ́ ọlọ́pàá tó ń dá a lóhùn. Scanner kò bàjẹ́. Ìgbì ọ́fíìsì yàtọ̀ sí ti ọkọ̀, orí òkè gíga sì ni áńténà ọ́fíìsì wà, nígbà tí ti ọkọ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ fi ìgbì méjèèjì sínú ẹ̀rọ yín. Bí ọlọ́pàá bá sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wókì-tókì ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé áńténà tó gùn tó ìyẹn, nítorí náà ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò gba ohùn rẹ̀, tí yóò sì tún un rán lọ sí ọ́fíìsì. Láyé àtijọ́, 154.905 MHz ni wọ́n fi ń ṣe èyí, kí wọ́n tó kó o lọ sí 700 MHz.

Àwọ̀ ni wọ́n fi ń pe ìkànnì, bíi Blue tàbí Gold, àgbègbè kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Orúkọ ìpè ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Nọ́ńbà tó ṣáájú dúró fún àgọ́ tó rán ọlọ́pàá náà jáde, èyí tó gbẹ̀yìn sì ń tọ́ka sí ojú ọ̀nà tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ «Mary» láàárín méjèèjì, orí alùpùpù ni ẹni náà wà. «Sam» ń tọ́ka sí sájẹ́ńtì. Ẹ má ṣe fi èyí wọn ọlọ́pàá ìlú Los Angeles, nítorí níbẹ̀ «Adam» túmọ̀ sí ọkọ̀ tó gbé ọlọ́pàá méjì, «Lincoln» sì jẹ́ ti ẹni tó dá wà. Ní ti hẹlikópútà CHP, lẹ́tà H ló máa ń ṣáájú, nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ sì ń fi hàn èyí tó ni ín nínú ẹ̀ka mẹ́jọ tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ náà sí: H-70 jẹ́ ti etí òkun.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè dà bí ẹnà tí a ń fọ̀ nígbà èwe, àyàfi pé ẹnà tiwọn kò ní àṣírí nínú. 11-83 ni ìjàǹbá ọkọ̀ tí wọn kò tíì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni fara pa. 11-82 ni èyí tí kò sẹ́ni tó fara pa. 11-79 ni èyí tí áńbúláǹsì ti ń lọ síbẹ̀. 11-99 sì ni igbe ọlọ́pàá tó nílò ìrànlọ́wọ́. CHP ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ ojú ọ̀nà hàn bó ṣe ń lọ, àwọn nọ́ńbà yìí kan náà ló sì wà níbẹ̀. Ẹ ṣí i, kí ẹ máa fetí sí rédíò, kí ẹ máa fi ojú bá a lọ. Kò sí olùkọ́ tó yá jù ú lọ.

Ní ti òfin, gbígbọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní Kalifóníà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ohun tó gbọ́ ran ìwà ọ̀daràn lọ́wọ́, tàbí tó fi sá fún ọlọ́pàá, ti rú òfin. Ní ìpínlẹ̀ New York, òfin kò gba irú rédíò bẹ́ẹ̀ láyè nínú ọkọ̀, àfi fún àwọn díẹ̀ bí àwọn tó ní ìwé àṣẹ rédíò ham, ìyẹn àwọn tó ń fi rédíò sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn ara wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ilé iṣẹ́ ìdájọ́ Kalifóníà ní kí àwọn ọlọ́pàá dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn aráàlú lórí afẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ìlú sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà (encryption) ti gbogbo ohùn wọn pa. Kò sí scanner kankan lọ́jà tó lè ṣí i. Bí ti ìlú yín bá wà lára wọn, ẹ má lọ bá ẹni tó tà á fún yín jà.