Ṣé Kraken Ti Yọjú Lóòótọ́? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Abàmì Inú Òkun

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbé fídíò ẹranko omi kan jáde. Kí ìròyìn náà tó dé orí fóònù mi, ó ti di "Kraken inú fíìmù ti jáde o", wọ́n sì ti lẹ àwòrán ọkọ̀ tó fọ́ sí méjì mọ́ ọn. Kraken ni abàmì òkun ńlá inú ìtàn, èyí tí wọ́n ní ó ń fa ọkọ̀ wọlẹ̀. Ẹ̀yin náà ti ń bi mí. Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Kí ni wọ́n rí gan-an?

Squid ni. Fún ẹni tí kò rí i rí: ìbátan ìgbín ni, àmọ́ kò ru ilé kankan sẹ́yìn. Ó ní apá mẹ́jọ àti ọwọ́ gígùn méjì, ẹnu rẹ̀ sì le, ó tẹ̀ kọdọrọ bí ti odídẹrẹ́. Colossal squid ni wọ́n ń pe irú èyí. Nínú gbogbo ẹran tí kò ní eegun ẹ̀yìn, kò sí èyí tó wúwo tó o. Ẹ̀rọ aláìlénìyàn tí àwọn Schmidt Ocean Institute, àjọ tó ń ṣèwádìí òkun, sọ̀ sínú omi láti inú ọkọ̀ wọn ló yà á ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, nítòsí àwọn erékùṣù South Sandwich, lọ́nà Antarctica, níbi tó jìn tó 600 mítà.

Báwo ló ṣe tóbi tó?

Sẹ̀ǹtímítà 30. Gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé kan.

Ṣé ẹ̀ ń fi wá ṣeré ni?

Rárá o. Ọmọdé ni, ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ẹ̀rù àgbà rẹ̀ ló ń bani: ní 2007, àwọn apẹja New Zealand fa ọ̀kan jáde ní Ross Sea, lẹ́bàá Antarctica, kílò 495 ló wọ̀n. Ó wà ní mùsíọ́mù Te Papa ní ìlú Wellington. Ohun tó mú kí ti ọdún 2025 di ìròyìn ni pé láti 1925 tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ẹranko yìí lórúkọ, látara apá tí wọ́n bá nínú ikùn àbùùbùtán, kò tíì sí fídíò kankan tó dájú pé òun ni, láàyè, nínú ibú tirẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko.

Òun wá ni Kraken?

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti dàrú. Ará Antarctica ni ẹranko yìí. Ìtàn àwọn apẹja Norway ni Kraken, ìyẹn Norway tí pańlá gbígbẹ ti ń wá. Òkè pátápátá ayé lọ̀kan, ìsàlẹ̀ pátápátá lèkejì. Èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fura sí pé ó bí ìtàn náà ni giant squid, ẹ̀yà mìíràn tó gùn ju colossal lọ, tó lè tó mítà 12, àmọ́ tí kò wúwo tó o. Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ láàyè nínú ibú ní 2004, nítòsí àwọn erékùṣù Ogasawara.

Ẹ gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu. Bíṣọ́ọ̀bù ìlú Bergen, Erik Pontoppidan, kọ ọ̀rọ̀ àwọn apẹja wọ̀nyẹn sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1752. Wọ́n ní tí àwọn bá sọ okùn sísàlẹ̀ tí omi kò jìn tó bó ṣe yẹ, tí ẹja sì ń rọ́ wá yìn-ìn, àwọn ti mọ̀ pé Kraken ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Wọn kì í sá. Ṣe ni wọ́n ń pẹja lórí rẹ̀! Ìgbà tí omi bá tún ń dín kù sí i, tó fi hàn pé ó ń gòkè bọ̀, ni wọ́n tó ń wakọ̀ kúrò. Òótọ́ ni pé bíṣọ́ọ̀bù náà gbọ́ pé apá rẹ̀ lè fa ọkọ̀ ogun wọlẹ̀, ṣùgbọ́n ewu tó tẹnu mọ́ jù ni omi tó máa ń yí po nígbà tó bá ń rì padà. Lójú apẹja, ọjà tó tà ni Kraken.

Ta ló wá sọ ọ́ di apànìyàn?

Ìwé ni àkọ́kọ́, fíìmù ló parí ẹ̀. Ní 1861, ọkọ̀ ogun Faransé kan, Alecton, pàdé giant squid nítòsí Tenerife. Wọ́n yìnbọn fún un, wọ́n fi okùn dè é, okùn gé ìrù rẹ̀, ìyókù sì bọ́ lọ. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó kọ́kọ́ kọlu ẹnìkejì. Jules Verne, òǹkọ̀wé Faransé, gbé ìtàn yẹn sínú ìwé rẹ̀, ó sì yí i po: squid ló wá ń kọlu ọkọ̀. Nígbà tó di 1981, fíìmù Clash of the Titans gbé Kraken lọ sí ilẹ̀ Gíríìkì, níbi tí wọn kò ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ̀dá omi ti inú ìtàn Gíríìkì ní orúkọ tirẹ̀, Kétọ́ọ̀sì; wọ́n kàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú un rìn nínú fíìmù?

Láyé ìjọ́un, ère kékeré ni. Ray Harryhausen, ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, á tẹ apá ère díẹ̀, á ya àwòrán kan, á tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Àwòrán 24 ló ń lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, ẹ fọkàn ṣírò rẹ̀. Nínú fíìmù kan tó ṣe ní 1955, ẹ̀dá tó yẹ kó ní apá mẹ́jọ ní mẹ́fà péré, torí owó kò tó. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kì í rántí kà á.

Ní 1954, Disney ṣe squid ńlá tó ń fi okùn rìn fún fíìmù ìwé Verne yẹn. Wọ́n kọ́kọ́ yà á lórí omi tó pa rọ́rọ́, nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ó bàjẹ́: gbogbo okùn ló hàn. Ni wọ́n bá tún un ṣe lálẹ́, nínú ìjì, pẹ̀lú ìgbì tó ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó di àwòyanu. Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n òkùnkùn àti ìjì ṣì wà níbẹ̀.

Ṣé Olókun ni?

Òrìṣà ni Olókun, ẹranko nìyí. Ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ṣé ó ti ri ọkọ̀ rí?

Kò sí èyí tó ní ẹ̀rí. Ní 2003, atukọ̀ Faransé kan, Olivier de Kersauson, sọ pé giant squid kan dì mọ́ ọkọ̀ òun nínú ìdíje yíká ayé. Wọ́n dúró, ó tú wọn sílẹ̀. Orúkọ ẹni tó wà lára ife ẹ̀yẹ ìdíje náà ni Jules Verne.

Ṣé ó ṣeé sè?

Tí ẹ bá fẹ́ràn òórùn ìtọ̀. Kẹ́míkà tó ń gbé ara rẹ̀ léfòó nínú omi ló fa ìyẹn.

Wọ́n tún fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi, ó tóbi ju ilé lọ. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Ẹ rántí ọgbọ́n ọdún 1954. Alẹ́ ni? Ìjì ń jà? Kámẹ́rà ń gbọ̀n? Ibi tí wọ́n ti máa ń fi okùn pa mọ́ náà ni àwọn tó ń fi AI pa irọ́ ń fi àṣìṣe wọn pa mọ́. Fídíò gidi máa ń ní ọjọ́, ibi tí wọ́n ti yà á, àti orúkọ ẹni tó yà á. Bí kò bá ní ọ̀kankan, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìdílé.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù létíkun nígbà náà?

Omi fúnra rẹ̀. Ìṣàn kan wà tó máa ń fa èèyàn kúrò létí òkun lọ sáàárín láìpariwo. Bó bá gbé yín, ẹ má bá a jà lọ́ọ̀kán, yóò tán yín lókun. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa bá etíkun lọ, títí yóò fi tú yín sílẹ̀, kí ẹ tó kọrí sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kó má kọjá orúnkún.

Ọmọ mi wo fíìmù yẹn, kò fẹ́ dá sùn mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ mú rúlà inú báàgì ilé-ìwé rẹ̀ jáde, ẹ sọ fún un pé gígùn èyí tí wọ́n rí nìyí. Tó bá bi yín pé ìyá rẹ̀ ńkọ́, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà.