Bí kóòtù ṣe ń ṣírò owó ẹjọ́ àti owó lọ́yà lẹ́yìn ìdájọ́

Ẹni tó bá jàre ní Ilé Ẹjọ́ Gíga l'Òṣogbo sábà máa ń rò pé gbogbo owó tó kó fún lọ́yà ti ń padà bọ̀. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Owó ẹjọ́ ọ̀tọ̀, owó lọ́yà ọ̀tọ̀, ọ̀nà tí a ń gbà béèrè wọn kò sì jọra.

Owó ẹjọ́ ni adájọ́ máa ń bù fún ẹni tó jàre. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, àfi tí adájọ́ bá rí ìdí gúnmọ́ láti fi dù ú, irú bí kó jẹ́ pé òun gan-an ló ń fi ẹjọ́ falẹ̀. Kì í ṣe ìtanràn. Ohun tó wà fún ni láti dá díẹ̀ padà nínú ìnáwó: owó tí wọ́n fi fi ìwé sílẹ̀ ní kóòtù, owó bélífù (òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń fi ìwé ẹjọ́ jíṣẹ́), owó ọkọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí, àti iye ìgbà tí wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Lójú ẹsẹ̀ ni adájọ́ sábà máa ń pe iye rẹ̀, nítorí náà lọ́yà gbọ́dọ̀ dìde béèrè kí wọ́n tó pe ẹjọ́ mìíràn, kó dárúkọ iye, kó sì ní rìsíìtì lọ́wọ́.

Owó lọ́yà ló le jù. Ní 2004, nínú ẹjọ́ Nwanji àti Coastal Services, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ó ṣòro láti gbà kí ènìyàn di ẹrù owó lọ́yà rẹ̀ ru ẹni tó bá a ṣẹjọ́. Síbẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti gbà á láyè nínú àwọn ẹjọ́ mìíràn, bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́ gẹ́gẹ́ bí àdánù tó ní iye pàtó, tí wọ́n sì fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀.

Ká ní ilẹ̀ kan l'Òkè-Baálẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀, tí olùpẹ̀jọ́ sì san ₦600,000 fún lọ́yà. Iye yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìpẹ̀jọ́. Lẹ́tà àdéhùn owó àti rìsíìtì tó ní déètì gbọ́dọ̀ wà lára ìwé ẹ̀rí, kí ẹlẹ́rìí sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun san án. Ibi tó ti ń bàjẹ́ kò ju mẹ́ta lọ: wọ́n kàn kọ iye sílẹ̀ láìsí rìsíìtì; wọ́n san owó lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìwé sílẹ̀, wọn kò sì tún ìwé ṣe; tàbí kó jẹ́ lọ́yà ló ń rojọ́ owó náà nígbà àròyé ìkẹyìn. Àròyé lọ́yà kì í ṣe ẹ̀rí, bó ti wù kó dùn tó. Ó ń dunni láti rí ẹni tó náwó lóòótọ́ kó pàdánù rẹ̀ nítorí bébà kan ṣoṣo.

Bí ìjà bá wá wà láàárín lọ́yà àti oníbàárà rẹ̀ ńkọ́? Òfin Àwọn Agbẹjọ́rò ti là á sílẹ̀. Lọ́yà kò lè pe oníbàárà lẹ́jọ́ lórí owó àfi tó bá kọ́kọ́ fún un ní ìwé owó tó fọwọ́ sí, tó to àwọn iṣẹ́ pàtàkì inú rẹ̀, tí oṣù kan sì ti kọjá. Ó lè fi lé e lọ́wọ́, kó fi í sí àdírẹ́sì tó mọ̀ mọ́ ọn kẹ́yìn, tàbí kó fi ránṣẹ́ ní pósítì. Láàárín oṣù kan náà ni oníbàárà lè ní kí Ilé Ẹjọ́ Gíga pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ owó náà wò, kí wọ́n sì gé èyí tó bá pọ̀ jù. Ìwé tó kàn sọ pé "owó iṣẹ́ lórí ẹjọ́: ₦1,500,000" kò tó. Ní 2000, nínú ẹjọ́ Oyekanmi àti NEPA, ohun tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tẹnu mọ́ nìyẹn: àlàyé inú ìwé owó gbọ́dọ̀ tó fún oníbàárà láti gba ìmọ̀ràn lórí rẹ̀, kó sì tó fún ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹjọ́ tí lọ́yà bá pè kí oṣù yẹn tó pé, ó ti yá jù, kóòtù lè wọ́gi lé e.

Ẹni tí owó ẹjọ́ nìkan bá bí nínú kò kàn lè pe kòtẹ́milọ́rùn. Abala 241 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kó kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ tó dájọ́ tàbí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn.